Fírémù Méjì ní Pópó Àgùdà

Èmi kì í ṣe ayàwòrán. Igi ni mo ń gé.
Ayùn, àtè, ìṣó wẹ́wẹ́, gíláàsì tí mo fi ìwé ìròyìn nù:
iṣẹ́ bàbá mi nìyẹn, iṣẹ́ baba bàbá mi,
káfíńtà Àgùdà tó gbẹ́ òpó àtẹ̀gùn fún ìdajì òpópónà yìí.

Lọ́sẹ̀ tí òjò kò dá, àwọn méjì wọlé tẹ̀lé ara wọn,
wọn kò kí ara wọn.
Adéwùsì ti Ṣómólú, tó fi ọ̀rá di tirẹ̀ bí ẹja tútù;
Kúdírátù ọmọ Òkè-Súnà, tí ọ̀dà tirẹ̀ kò tíì gbẹ,
tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú bí ẹni gbé ọbẹ̀ gbígbóná.
Mo wo ti èkíní. Mo wo ti èkejì.
Ilé kan náà ni.
Ilé wa ni,
pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nọ́ńbà kọkànlá tí katakata wó lọ́jọ́ Àìkú
nígbà tí a wà ní Mísà.

Ti Kúdírátù: ògiri pupa bí ẹ̀jẹ̀ àgbò iléyá,
fèrèsé aláwọ̀ ewé, òjìji ilé aláwọ̀ àlùkò;
òrùn tó ràn níbẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n rí.
Funfun nilé wa, ẹfun tí iyọ̀ ọ̀sà ti jẹ létí.
Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kun ilé wa lọ́dà?"
Ó ní, "Bó ṣe gbóná sí mi lára ni mo ṣe kùn ún."

Ti Adéwùsì kò ní àwọ̀ kankan,
àfi ti eérú, àfi ti tíì tó ti tutù.
Ṣùgbọ́n ó fọ́ ilé náà wẹ́wẹ́ bí àwo tó já lọ́wọ́ ìyàwó tuntun:
ẹnu ọ̀nà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ẹ̀yìnkùlé,
mo rí òrùlé, mo rí abẹ́ àtẹ̀gùn tí adìyẹ ń yé sí,
iwájú àtẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Ó ní, "Ẹni tó dúró sójú kan ló ń rí ilé bíi fọ́tò.
Ẹ̀yin gbé inú rẹ̀. Ṣé ojú kan lẹ dúró sí?"

Olùkọ́ wọn àtijọ́, Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípọ̀,
tó fi rúlà kọ́ wọn ní Yábàá pé ọsàn gbọ́dọ̀ jọ ọsàn,
yà wọlé nítorí òjò. Ó yọ awò, ó nù ún, ó tún fi í sójú.
"Ilé dà?"
Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.
Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n jọ ṣe nǹkan.

Kò pẹ́ tí ìjà fi dé.
Adéwùsì ní ariwo lásán ni ti Kúdírátù.
Kúdírátù ní ìṣirò ni ti Adéwùsì,
ta ló sì ń sunkún nínú ìṣirò?
Èmi ń fi àtè pa igun, mo ń rántí ère ìyá ìyá mi,
èjìrẹ́ onígi tó ń fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí fádà má rí i.
Orí rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ara, kò jọ ọmọ kankan tí a bí,
kò sì sẹ́ni tó bi agbẹ́gilére pé kí ló dé.
Ẹ ní ẹ ń já okùn. Okùn wo?
Èyí tí Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípọ̀ so lánàá?

N kò sọ ọ́ síta. Mo gbé téèpù, mo wọ̀n wọ́n.
Ti Adéwùsì rọrùn: igi ìrókò, igun mẹ́rin tó ṣe rẹ́gí;
ohun tó ti fọ́ ń wá ibi tí yóò fẹ̀yìn tì.
Ti Kúdírátù kò gba fírémù. Ọ̀dà ti kọjá etí aṣọ,
bí mo bá kan igi mọ́ ọn, n ó gé díẹ̀ nínú òrùn.
Mo ní kó máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. N kò gba kọ́bọ̀.

Ti Adéwùsì ṣì wà níbí, kò tíì rówó wá gbà á.
Lálẹ́, mo máa ń fi ìka tọ ọ̀nà láti ilẹ̀kùn dé kànga,
mo ń wá yàrá tí wọ́n bí mi sí.
Mo ti rí igun rẹ̀ kan.
Ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú, pupa ni ògiri.
Ẹ má sọ fún Adéwùsì.